Ẹnu Ọ̀nà Kékeré Létí Omi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

"Irin tí o bá rì mọ́lẹ̀ létí omi yẹn, àyà mi lo rì í mọ́! Ṣé o gbọ́? Àyà èmi tí mo bímọ fún ẹ!"

Màámi ló pariwo ẹ̀ báyẹn. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ kí n tó gbàgbé. Bàámi náà ò dákẹ́: "Àdúgbò wo lo ń jà fún? Okùn tí o ń sá aṣọ sí lo ń jà fún, jàre!" Ilẹ̀kùn gbá gbàà. Àwo kan bọ́ sílẹ̀ ní kíṣìnnì, kò fọ́, ó kàn ń pòòyì, ó ń pòòyì, gbogbo wa sì ń gbọ́ ọ títí ó fi dúró.

Kì í ṣe ariwo yẹn ló bà mí lẹ́rù. Màámi kì í pe Bàámi ní "o". Láti ìgbà tí mo ti dáyé, "ẹ" ni, àfi lónìí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ: ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kọ́ ilé gogoro sí etí omi tí gbogbo wa ń lò. Màámi wà lára ìgbìmọ̀ tó ní kí wọ́n sọ ibẹ̀ di pápá ìgbafẹ́ fún aráàlú. Bàámi sì ni jórinjórin tí ilé-iṣẹ́ náà gbé iṣẹ́ ọgbà irin fún. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni àwọn méjèèjì máa sùn lónìí.

Èmi àti Ìyá Àgbà wà ní yàrá kejì. Ó dibọ́n pé òun ń sùn, ṣùgbọ́n ta ló ń sùn tó ń di ètè pọ̀ báyẹn? Bàámi ni ọmọ ẹ̀. Màámi ló ń wẹ̀ fún un.

Ìṣẹ́gun, 4

Òjò látàárọ̀. Ọṣẹ ti tún wọ́n. Màámi ní tó bá ń lọ báyìí, omijé lòun máa fi máa fọ aṣọ oníbàárà.

Nígbà tí òjò dá, mo mú Ìyá Àgbà lọ rìn. Ọdún kejì rèé tí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ ti rọ, tí èmi náà ti kúrò nílé ìwé kí n lè máa wà pẹ̀lú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn lójoojúmọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ilẹ̀ wo ló tẹ́jú ládùúgbò yìí? Gọ́tà lápá ọ̀tún, mọ́tò lápá òsì. Etí omi nìkan ló kù. Ibẹ̀ ló ti ń fa ẹsẹ̀ ẹ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́, láti ibi okùn aṣọ Màámi, kọjá àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kọjá àwọn bàbá tó ń ta lúdò, títí dé ìdí igi ńlá. Tó bá débẹ̀, á gbá igi náà bí ẹni gbá ọ̀rẹ́ léjìká, á ní, "Mo tún ti dé o, ìwọ tí o ò lè rìn rárá."

Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ló ń pa òun fúnra ẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ní pálọ̀ wa. Tíṣà ni alága. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bíi pé bọ́ọ̀dù wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní: "A ò sọ pé kí wọ́n má kọ́lé o. Kí wọ́n sún sẹ́yìn ni. Kí wọ́n má gé igi. Kí wọ́n má da yanrìn sómi, torí omi tí wọ́n bá lé kúrò níbẹ̀, yàrá wa ló máa wá sùn." Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wá wo ilẹ̀ náà ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n máa fi dájọ́.

Bàámi sì wà níwájú ilé, ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá la ẹnu, gíráńdà tó fi ń lọ irin á ké zẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ní, "Ìpàdé yìí dùn. A ń gbìmọ̀ ogun nínú ilé ọ̀gágun wọn." Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Màámi. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá rántí pé mo ń bínú.

Àbámẹ́ta, 8

Mo bá Bàámi ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé mo gbè sẹ́yìn ẹ̀ o. Èmi ni mo máa ń bá a di irin mú, èmi ni mo sì máa ń fi òòlù kékeré gbọ́n ìdàrọ́ kúrò lójú ibi tó bá ti jó, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Ìdàrọ́. Ó ti ń jẹ́ kí n dá jó irin fèrèsé fúnra mi. Òun ló kọ́ mi pé kéèyàn tó jó irin jálẹ̀, á kọ́kọ́ ta táàkì, ìyẹn ni pé á fi iná kàn án tín-ín níbi méjì mẹ́ta kó má bàa yẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ṣọ́ra o, Ìdàrọ́. Táàkì dà bí ìlérí olóṣèlú. Ó dáa lójú. Má fẹ̀yìn tì í, á já."

Tó bá jó irin jálẹ̀ tán, á fi òòlù gbá a, á tẹ́tí. Ó ní èyí tó jó dáadáa máa ń dáhùn bí agogo, èyí tí ò jó á dáhùn bí ìkòkò tó sán. Kò sí irin tó jó tó já rí. Ìyẹn nìkan ló ní tó lè fi yangàn, ó sì ń fi í yangàn.

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà wá wo iṣẹ́. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín torí eyín ẹ̀ kì í wọlé. Ó ní wọn ò ní ri irin mọ́lẹ̀ títí ìjọba á fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí irin ti wà nílẹ̀. Ó tún ní kí Bàámi ṣe ẹnu ọ̀nà kékeré kan mọ́ ọn, fún àwọn ará àdúgbò. "Àwa náà ní ìyá," ló wí, ó ń wo Ìyá Àgbà lórí àga ẹ̀.

Nígbà tó lọ tán, Bàámi ní, "Ṣé o rí i? Tí mi ò bá gba iṣẹ́ yìí, ẹlòmíì á gbà á, kò sì ní sí ẹnu ọ̀nà kankan. Lọ sọ fún ìyá ẹ."

Mi ò sọ. Èmi kọ́ ni fóònù wọn.

Ọjọ́rú, 12

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ẹtì, 14

Màámi ló dá a lábàá, gbogbo ìgbìmọ̀ sì pàtẹ́wọ́: àlejò ń bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ ká tún ibẹ̀ ṣe. Alágbàfọ̀ ni Màámi, ìdọ̀tí ni ọ̀tá ẹ̀ láyé. Ó ní ta ló máa gbà pé a lè tọ́jú pápá ìgbafẹ́ tó bá bá a bó ṣe wà yìí? A rokó, a gbálẹ̀, a kó ọ̀rá dànù. Màámi fọwọ́ ara ẹ̀ tú gbogbo okùn aṣọ ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn bàbá onílúdò gbé bẹ́ǹṣì wọn wọlé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ má gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, kí ẹnikẹ́ni má pàtẹ, kí gbogbo èèyàn jókòó sílé wọn. Ìgbìmọ̀ nìkan ló máa dúró, nínú aṣọ tí Màámi fọ̀.

Wọ́n wá sọ fún Ìyá Àgbà pé kó má rìn títí àlejò á fi lọ.

"Ìyàwó, ṣé ẹsẹ̀ mi náà wà lára ìdọ̀tí tí ẹ ń kó?"

"Áà, Màmá! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀la nìkan ni."

"Ó dáa. Màá fi pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àbámẹ́ta, 15

Ilẹ̀ náà ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó rẹwà débi pé mi ò dá a mọ̀.

Obìnrin kan ló ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ń ya fọ́tò. Ó bi Màámi pé, "Àwọn wo ló ń lo ibí?"

"Gbogbo wa ni, mà. Ọmọdé, àgbà, gbogbo wa."

Obìnrin náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ipa ẹsẹ̀ ẹnì kan ò sí lórí yẹ̀pẹ̀, a ti gbá gbogbo ẹ̀. "Àwọn dà?"

Màámi nawọ́ sí ibi tí okùn aṣọ ẹ̀ máa ń wà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín dúró lẹ́yìn wọn, ó ń rẹ́rìn-ín sí omi. Níbi tí mo dúró sí ni mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ara wa la fi ṣe ara wa. Tíṣà sáré, pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ̀, ó lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn bàbá onílúdò. Kí wọ́n tó wọ bàtà tán, mọ́tò àwọn àlejò ti ṣí.

Àìkú, 16

Màámi ń fọ aṣọ tó ti mọ́.

Ìṣẹ́gun, 25

Èsì dé. Tíṣà dìde kà á ní pálọ̀. "Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò." Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Kí ilé-iṣẹ́ kọ́lé wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ létí omi, kí ẹnu ọ̀nà kékeré sì ṣí fún aráàlú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tíṣà ní ká dúpẹ́ fún ìyẹn.

"Wọ́n gba adìẹ lọ́wọ́ wa, wọ́n fún wa ní ìyẹ́ ẹ̀, ẹ ní ká dúpẹ́." Onígbàjámọ̀ nìyẹn. Kò tíì parí. "Ìyá Alágbàfọ̀ ló ṣe é. Ó fọ ilẹ̀ wa, ó mọ́, ó mọ́ tán, ó fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́ wa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gíráńdà dákẹ́ níta. Bàámi wọlé, ìbòjú tó fi ń jó irin ṣì wà lórí ẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Tún un sọ."

"Bàbá Ìdàrọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá..."

"Ìyàwó mi lo ń bá. Tún un sọ kí n gbọ́."

Onígbàjámọ̀ jókòó. Bàámi jáde, gíráńdà tún bẹ̀rẹ̀. Òun àti Màámi ò sì tíì bára wọn sọ ju "oúnjẹ rèé" lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà! Mi ò mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

A bẹ̀rẹ̀ sí í ri irin mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọn ò kí wa. Ọmọ kékeré tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ wò mí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di irin mú, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ Bàámi lọ fárí. Onígbàjámọ̀ ní abẹ òun ò mú lónìí, ó sì ń fi abẹ náà fá orí ẹlòmíì lọ́wọ́. Bàámi padà wálé pẹ̀lú irun ẹ̀. Màámi wo orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ bu omi gbígbóná, ó mú abẹ, ó fá a fún un, níta, lójú gbogbo ayé. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ o.

Ẹtì, 5

Wọ́n gé igi ńlá lónìí. Mo fẹ́ fi pa mọ́ fún Ìyá Àgbà, àṣé ó ti gbọ́ bó ṣe wó.

Ó ní, "Òun náà ti wá rìn nìyẹn."

Kò rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 6

Bàámi gbé ẹnu ọ̀nà kékeré sójú àyè ẹ̀. Ó fi òróró sí ojú ìsokọ́ ẹ̀, ó tì í, ó ṣí i, kò dún. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ọ̀nà náà tóóró, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó rìn lọ rìn bọ̀, ó ní òun tún fẹ́.

Màámi dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó sún mọ́ wa. Ó fọwọ́ kan irin náà. "Ẹ kú iṣẹ́," ló sọ fún Bàámi.

"Ẹ"! Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi.

Ọjọ́rú, 10

Òjò ńlá. Omi wọ yàrá wa, ó gbé bàtà mi kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá bá mi. Láyé mi, omi ò dé ibí rí. Yanrìn tí wọ́n ń dà sómi ló fà á, bí Tíṣà ṣe sọ. Kẹrosíìnì wọ́n, igi tutù, búrẹ́dì la jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 15

Àgádágodo. Ó tóbi, ó ń dán. Ọjọ́ tí omi wọ̀lú yẹn ni wọ́n ti fi ti ẹnu ọ̀nà kékeré pa, ó sì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Tíṣà lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín. Ìyẹn ní, "Ọ̀rọ̀ ààbò ni, Bàbá. Fún ìgbà díẹ̀."

Ìyá Àgbà ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, láti ẹnu yàrá wa dé kíṣìnnì, á máa fọwọ́ ti ògiri lọ. Ọwọ́ ẹ̀ ti fa ìlà dúdú kan sára ògiri náà. Màámi tí kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí, kò nù ún.

Lánàá ó ṣubú. Nọ́ọ̀sì wá, ó ní ẹsẹ̀ náà ti ń gan padà, tí kò bá rí ibi tó gùn rìn, tó bá yá kò ní dìde mọ́. Mo lọ sunkún ní bàlùwẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀kùn ẹ̀ ń tì.

Ọjọ́bọ̀, 18

Tíṣà àti Màámi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ó di ẹ̀yìn òjò kí wọ́n tó gbọ́ ọ, adájọ́ á sì rán èèyàn wá wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Tíṣà ní ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń ba òun. "Tí koríko bá fi hù sójú ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó dé, wọ́n á tún kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni ò lò ó. Ẹsẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti fọ́ àgádágodo náà. Ó ní kí Bàámi jó ẹnu ọ̀nà kékeré pa.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é fún wọn," Bàámi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin náà lẹ máa dí i. Àbí kí n wá jórinjórin míì, kó kúkú bá mi ṣe èyí tó kù?"

Bàámi ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ Ajé."

Màámi wà lójú fèrèsé. Mo dúró de ariwo. Kò pariwo. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Ariwo ì bá sàn.

Àbámẹ́ta, 20

Bàámi jó irin lánàá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìlo ìbòjú. Òun tó máa ń gbá mi létí tí mo bá yọ tèmi! Iná ti mú un lójú. Ojú náà wú, omi ń dà, kò rí ọwọ́ ara ẹ̀. Màámi ń gbé aṣọ tútù lé e, ó ń pààrọ̀ ẹ̀, ó ń ní, "Ẹ má ṣí i. Ẹ má fọwọ́ ra á."

Bàámi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ìdàrọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ìwọ lo máa jó ẹnu ọ̀nà yẹn. Ọwọ́ ẹ ti tó o."

"Bàámi..."

"Jó o jálẹ̀. Orúkọ mi ló wà lára irin yẹn."

Màámi ò wo ojú mi.

Àìkú, 21

Òjò ń pa fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Màámi bi mí ní kíṣìnnì, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Ṣé o máa jó o lọ́la?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa." Ó ń bu omi sínú ìkòkò tó ti kún. "Ó dáa" yẹn dùn mí ju ìgbátí lọ. Kó máa rò ó bẹ́ẹ̀.

Mo ti rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Táàkì nìkan ni mo máa ta, mi ò ní jó o jálẹ̀. Tín-ín lókè, tín-ín láàárín, tín-ín nísàlẹ̀. Màá fi pọ́tì tó máa ń le bó bá gbẹ dí gbogbo ojú ẹ̀, màá họ ọ́ kó jọ̀lọ̀, màá kun ọ̀dà lé e. Ẹlẹ́rìn-ín á wò ó, á rẹ́rìn-ín, á máa lọ.

Bàámi nìkan ló lè mọ̀. Ojú ló ń dùn ún, etí ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Tó bá ní kí n fa òun lọ síbẹ̀, tó fi òòlù gbá a, ìkòkò tó sán ló máa gbọ́. Wọ́n lè gba iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Kò sí irin tó já lọ́wọ́ ẹ̀ rí, èmi ni mo wá máa ṣe àkọ́kọ́, tí orúkọ ẹ̀ á sì wà lára ẹ̀. Mo sunkún nítorí ìyẹn, mo nu ojú, mo tún un rò, ibì kan náà ni mo tún já sí.

Mi ò ní sọ fún Màámi, inú ẹ̀ á dùn, ojú ẹ̀ á sì tú gbogbo ẹ̀ fó. Mi ò ní sọ fún Tíṣà, á ní ká ṣèpàdé lé e lórí. Ìyá Àgbà ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde nínú aṣọ bí ẹni tó fẹ́ yá a fún mi. Òun náà, mi ò ní sọ fún un.

Lọ́jọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ dá, màá wọ bàtà fún un, màá mú un lọ díẹ̀díẹ̀. Tí a bá dé ibẹ̀, màá ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó di ọgbà mú dáadáa.

Èmi ni màá fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà náà.